Patanmọ́: Orúkọ àti Ìrìn Àjò Òdòdó Kékeré Kan

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ewé ni ẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lójoojúmọ́ nílẹ̀ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Patanmọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ àti lórí ilẹ̀ oko tí a ti fi sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ló sábà máa ń lóṣòó tì í, tí wọn á fọwọ́ kàn án kí wọ́n lè rí i bí ó ti ń pa ewé rẹ̀ dé. Oníṣègùn mọ̀ ọ́n, ẹlẹ́wé ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ewéko yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Yorùbá. Gúúsù àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, òkun ló sì là kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Iṣẹ́ yìí tọpa orúkọ àti ìrìn àjò òdòdó náà láti gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò. Ìbéèrè náà kan gbogbo ẹni tó ń kọ ìtàn Yorùbá láti inú ewé, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá: bí ohun kan bá ti ní àyè nínú ìmọ̀ ìbílẹ̀ wa, ṣé ẹ̀rí nìyẹn pé ó ti wà pẹ̀lú wa láti ìwáṣẹ̀? Èrò wa ni pé kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí patanmọ́ fi hàn ni pé èdè Yorùbá lè gba àlejò wọlé pátápátá, débi pé orúkọ tí a fún un kò ní fi hàn mọ́ pé àlejò ni.

Bí ewéko náà ṣe rí

Patanmọ́ a máa fà nílẹ̀; bí ó bá sì nàró, kì í sábà ga kọjá orúnkún. Ẹ̀gún wà lára rẹ̀, àwọn ewé wẹ́wẹ́ rẹ̀ sì tò ní méjì-méjì. Òdòdó rẹ̀ rí rogodo bí ìdì òwú kékeré, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti osùn tí a pò mọ́ ẹfun. Ohun tí ojú ń rí bí òdòdó kan ṣoṣo jẹ́ àkójọ òdòdó tíntìntín púpọ̀. Èso rẹ̀ ní irun gán-ín-gán-ín tí ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ènìyàn àti ara ẹran, èyí sì wà lára ohun tó mú kí ó rọrùn fún un láti rìn jìnnà.

Pípa tí ó ń pa ewé dé ló sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé. Ní 1665, Robert Hooke ti ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Micrographia. Ní 1729, ará Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn, ó sì rí i pé ewé rẹ̀ ń ṣí lọ́sàn-án, ó ń pa dé lóru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí oòrùn. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń mọ àkókò fúnra rẹ̀. Ní 1753, Linnaeus fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń lò títí di òní, ìyẹn Mimosa pudica. Ìtumọ̀ pudica ní èdè Látìn ni onítìjú.

Omi ni àṣírí ìṣípòpadà yìí. Ibi tó wú díẹ̀ wà ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan. Omi tó kún ibẹ̀ ló ń mú ewé nà. Bí ọwọ́ bá kan ewé, omi á kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan ibi wíwú náà, ewé á sì rọ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi á padà, ewé á sì tún ṣí. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jápáànù fi hàn pé tata a máa jẹ patanmọ́ tí kò lè pa ewé rẹ̀ dé ju èyí tó lè pa á dé lọ. Pípa ewé dé, nígbà náà, jẹ́ ọ̀nà tí ewéko náà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ohun tí orúkọ náà ń sọ

Gbólóhùn àṣẹ ni orúkọ náà: pa itan mọ́. Ìpajẹ fáwẹ̀lì ló sọ pa itan di patan. Àwọn kan ń pè é ní patọnmọ́, nítorí pé itọn ni wọ́n ń pe itan. Ní ibòmíràn, a ń gbọ́ paìdímọ́. Nínú gbogbo ẹ̀dà wọ̀nyí, ara ènìyàn ni a fi ṣe àfiwé ewé: ewé wẹ́wẹ́ méjì tí ń pàdé dà bí itan méjì tí ẹni tó jókòó pa pọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà náà, pa … mọ́, yẹ fún àkíyèsí. A ń pa ẹnu mọ́, a ń pa òfin mọ́, a ń pa owó mọ́, a sì ń pa àṣírí mọ́. Títì, títẹ̀lé, títọ́jú àti fífi pa mọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ ewéko yìí lórúkọ kò dúró lórí pé ó ń pa dé nìkan. Ọ̀rọ̀ tó yàn ní ìtọ́jú àti ààbò nínú, èyí tí ìwádìí 2022 náà sì rí níbẹ̀.

Bí a bá wo orúkọ tí àwọn ẹ̀yà mìíràn fún un, ìtìjú ló gba iwájú. Orúkọ rẹ̀ ní Filipíìnì, makahiya, wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni lajjabati tí wọ́n ń pè é ní Bẹ̀ǹgálì. Ojú obìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń wò ó. Ti Yorùbá yàtọ̀ díẹ̀. Èdè wa kò ya ọ̀rọ̀-orúkọ sí takọ tabo, itan sì wà lára ọkùnrin bí ó ti wà lára obìnrin. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ọmọbìnrin ni a sábà máa ń pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún bí ó bá jókòó láìkó ara rẹ̀ jọ. Gírámà kò mẹ́nu kan obìnrin; àṣà ló fi ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́rùn. Ó yẹ kí olùwádìí ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí ó tó fi orúkọ ewé ṣe ẹ̀rí ohun tí Yorùbá gbà gbọ́ nípa obìnrin.

Ewé, ọfọ̀ àti ọjọ́ orí

Pierre Fátúmbí Verger, tó tẹ àkójọ ewé Ọ̀sanyìn jáde ní Ifẹ̀ ní 1967, tó sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní Brazil ní 1995, tẹnu mọ́ ìlànà kan tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn mọ̀ dáadáa: ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú orúkọ ewé, tàbí ìró tó jọ ọ́, ni ọfọ̀ máa ń dì mú láti fi pàṣẹ fún ewé. Tẹ̀tẹ̀ bá títẹ́ rìn nínú ọfọ̀, kí ẹni tó ń lò ó má bàa tẹ́. Àlùpàyídà gbé ìyípadà rù nínú orúkọ rẹ̀. Nípa ìlànà yìí, patanmọ́ ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání láti ọjọ́ tó ti gba orúkọ, nítorí pé àṣẹ ni orúkọ náà fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn akọ̀tàn ti lè ṣìnà. Nígbà tí a bá rí ewé tí orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ọfọ̀ rẹ̀ bára mu rẹ́gí, ọkàn wa á sọ pé ohun àtayébáyé ni. Ṣùgbọ́n ewéko tí orírun rẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà kò lè dé ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná òkun Àtìláńtíìkì já, lẹ́yìn 1492. Irú rẹ̀ sì pọ̀. Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti tábà ti wá. Síbẹ̀ àgbàdo wà nínú ẹsẹ Ifá, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní oúnjẹ àjèjì mọ́. Ètò ìmọ̀ náà lè ti pẹ́ gan-an kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó dé. Ìlànà ni ogún àtijọ́. Ewé tí a ń fi ìlànà náà gbà wọlé lè jẹ́ tuntun.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé orúkọ náà kò lè ṣáájú ewéko náà? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ewéko kékeré kan wà tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, Biophytum, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí ewé rẹ̀ náà ń pa dé bí a bá fọwọ́ kàn án, bí kò tilẹ̀ yá tó patanmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ní orúkọ náà, a jẹ́ pé àlejò tó yára jù ú lọ ló gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí kò da èrò wa rú. Ohun tó ń sọ ni pé orúkọ àti ẹni tó ń jẹ́ ẹ lè ní ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé ẹni tó fẹ́ mọ ọjọ́ orí ewé kò gbọdọ̀ dúró lórí orúkọ nìkan.

Orúkọ tó ń sọ ìgbà

Kì í ṣe gbogbo ewé àlejò ni orúkọ rẹ̀ bo ìtàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí á fi ewé Akíntọ́lá wé e. Ewé yìí, Chromolaena odorata, náà ti Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà Éṣíà ló gbà dé Nàìjíríà, nígbà ìjọba amúnisìn, pẹ̀lú irúgbìn igi Gmelina tí a kó wá láti Sílóònù, tó ń jẹ́ Sri Lanka lónìí. Ó ràn kálẹ̀, ó sì gba oko. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn láti 1954 sí 1959, Akíntọ́lá sì jẹ oyè náà lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1966. Kò sí ẹni tó lè pe ewé lórúkọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn olóṣèlú méjèèjì tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni déètì.

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá gbà sọ àlejò méjì yìí lórúkọ, nígbà náà. Ọ̀kan gba orúkọ láti ara ìgbà tó gbòde, èkejì láti ara ìwà rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìgbà ṣì ń jẹ́ àlejò, bí a tilẹ̀ ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìwà ti di ọmọ ilé.

Ní òdìkejì òkun

Òkun tí patanmọ́ là kọjá wá sọ́dọ̀ wa náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá gbà lọ sí oko ẹrú. Ní Kúbà àti Brazil, tí ọ̀pọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilẹ̀ ìbílẹ̀ ewéko náà ni wọ́n bá ara wọn. Wọ́n ní láti wá ewé Ọ̀sanyìn níbi tí ọ̀pọ̀ ewé ilé kò sí. Ìwé El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní 1954 fi hàn bí wọ́n ṣe fún ewé ilẹ̀ Kúbà ní àyè nínú ìmọ̀ tí wọ́n gbé ti ilé wá. Ohun tí Yorùbá ilé ṣe fún ewé tó wá bá wọn nílé, Yorùbá òkèèrè náà ṣe é fún ewé tí wọ́n lọ bá nílẹ̀ onílẹ̀.

Ní Kúbà àti Puerto Rico, moriviví ni orúkọ ewéko náà ní èdè Spéènì: mo kú, mo yè. Dormideira ni wọ́n ń pè é ní Brazil, ìyẹn olóorun. Àwọn kan rí ikú àti àjíǹde nínú ewé tó rọ̀ tó sì tún ṣí. Àwọn mìíràn rí oorun. Ìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí patanmọ́ kọ́ wa ni ìṣọ́ra. Bí a bá rí ewé nínú ọfọ̀, a ti rí ẹ̀rí bí àwọn baba wa ṣe ń ronú, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹ̀rí ìgbà tí ewé náà dé ọwọ́ wọn. Ó yẹ kí akọ̀tàn jókòó ti onímọ̀ ewéko àti onímọ̀ èdè kí ó tó fi ewé ka ọjọ́. Èyí kò bu iyì ìmọ̀ ìbílẹ̀ kù rárá. Bí ìmọ̀ kan bá lè gba òdòdó tó ti òdìkejì òkun wá, tó fún un ní orúkọ tó bá ìwà rẹ̀ mu, tó sì rí iṣẹ́ fún un ṣe nínú ilé, ààyè ni ìmọ̀ náà wà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé dandan ni kí gbogbo ohun tó jẹ́ ti wa ti wà láti ìwáṣẹ̀ kí á tó gbà pé tiwa ni.