Omi, Iná àti Àkókò: Ìtàn Bí A Ti Ń Fa Oògùn Jáde Lára Ewé àti Òdòdó

Orúkọ Ìdí-Àràbà ní Èkó fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ igi. Ibẹ̀ ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó sí ní ọdún 1962. Ibẹ̀ náà ni ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà àti ẹ̀ka ìmọ̀ ìpoògùn rẹ̀ wà títí di òní. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Mushin wà, níbi tí àwọn elewé-ọmọ ti ń ta ewé, egbò, èèpo igi àti òdòdó. Ní ọjọ́ kan mo tọ ìyá àgbàlagbà kan nínú wọn lọ, mo sì bi í léèrè orúkọ egbò kan àti àrùn tí ó ń wò. Ìyá náà dá mi lóhùn, lẹ́yìn náà òun náà bi mí pé: “Ọmọ mi, omi wo lo fẹ́ fi ṣe é?” Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun, síbẹ̀ n kò rántí láti kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí mo mú lọ́wọ́.

Ìbéèrè náà jinlẹ̀. Ewé kò lè wo àrùn bí èròjà inú rẹ̀ kò bá jáde. Àwọn baba wa mọ èyí, nítorí náà ọ̀nà wọn kò jẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n ń se àgbo lórí iná. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbo ewé nínú omi tútù. Wọ́n ń rẹ egbò sínú omi ògì tí ó ti kan. Wọ́n sì ń fi ọtí rẹ èèpo igi. Èyí kì í ṣe àṣà lásán. Omi ògì kíkan a máa tú ohun tí omi lásán kò lè tú, ọtí a sì máa fa àwọn èròjà tí ó dà bí oje igi, èyí tí omi kì í rí mú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá inú ìmọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Dókítà Oguntọla Sapara (1861–1935), ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkàn sí ewé àti egbò ilẹ̀ wa nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fojú tín-ín-rín wọn. Ní ọdún 1937 ni J. M. Dalziel tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí àwọn ohun ọ̀gbìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wúlò, orúkọ Yorùbá sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Abáyọ̀mí Ṣófówọ̀rá àti Isaacs kéde pé ohun tí a fà jáde lára egbò orin àta lè dá ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sípò nínú ìgò ìwádìí. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé tí ó ń to orúkọ ewé àti ìlò wọn jọ, ẹni tí ó bá ń wá ìwọ̀n omi, agbára iná àti gígùn àkókò kì í sábà rí wọn.

Kí a má ṣe rò pé ohun kékeré ni èyí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, Tu Youyou ń wá oògùn ibà lára ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oògùn náà kò dúró lójú kan. Ó padà sínú ìwé Ge Hong, tí a ti kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé ńṣe ni wọ́n ní kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu oje rẹ̀. A kò ní kí a sè é. Nígbà náà ni ó fura pé iná ni ó ń ba oògùn jẹ́. Ní ọdún 1971 ó lo ether, èyí tí ó máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 péré, oògùn náà sì jẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Ewé kan náà ni. Iná ni ó yàtọ̀.

Lónìí, àwọn onímọ̀ tún ń fi ohùn ṣe ohun tí iná ń ṣe. Ní ọdún 1880 ni Jacques àti Pierre Curie ní ilẹ̀ Faransé rí i pé bí a bá tẹ àwọn òkúta dídán kan, iná mànàmáná a yọ lára wọn. Langevin lo ìmọ̀ yìí nígbà ogun 1914 sí 1918 láti fi wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Ní ọdún 1927, Wood àti Loomis ní Amẹ́ríkà ròyìn ohun tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí omi àti sí ohun ẹlẹ́mìí. Ohùn náà ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà etí ènìyàn kò gbọ́ ọ. Nínú omi, a máa dá èéhọ́ wínníwínní sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń bẹ́, wọ́n ń fọ́ ara ewé, èròjà inú rẹ̀ sì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe sóbò. Àwọ̀ pupa tí ó wà nínú ìdì òdòdó rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ń dènà irú ìbàjẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń mú bá iṣu tí a bó tí a sì fi sílẹ̀ títí ó fi dúdú. Bí iná bá pọ̀ jù, àwọ̀ náà a ṣí. Bí ohùn bá pọ̀ jù, òun náà a ba ohun tí ó fà jáde jẹ́. Bí ó bá sì kéré jù, èròjà a kù sínú pàǹtí. Níbo ni ìwọ̀n wà? Ní ọdún 1951, Box àti Wilson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀nà ìṣirò kan hàn. Wọ́n ní kí a má ṣe máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé iná tí ó bá ọtí púpọ̀ mu lè má bá ọtí díẹ̀ mu. Kí a yí gbogbo wọn padà pọ̀ lọ́nà tí a ti là sílẹ̀, kí a sì máa fi ìṣirò gun òkè náà títí a ó fi dé ṣóńṣó rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ewé lè pé, kí ó jẹ́ pé omi ni kò tọ́, tàbí kí iná ti pọ̀ jù. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ń gba orúkọ ewé sílẹ̀, a sì ń gba ọfọ̀ sílẹ̀, èyí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí “títí yóò fi hó dáadáa” tàbí “kí ó sùn mọ́jú nínú omi ògì” jẹ́ ìmọ̀ pẹ̀lú, ẹnu àwọn àgbà ni ó sì wà, àwọn àgbà náà ń lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún jókòó ti elewé-ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí òun ni yóò bi yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: omi wo, iná mélòó, àkókò wo?