Ta ló ń yan ọta fún ọdẹ? Bí òfin àti ogun ṣe pín ìbọn láti Cameroon dé ilẹ̀ Yorùbá

Bépanda kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣọdẹ. Àdúgbò yìí ní Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon, làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ pápá ìṣeré Réunification, tí wọ́n kọ́ fún ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 1972, àti mọ́ ariwo ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní 'bendskin' níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí olówó kan níbẹ̀ bá fẹ́ kí oníṣẹ́ ìbọn ṣe ìbọn ọdẹ kan fún òun lọ́tọ̀, èyí tó lè pa ẹran láti ọ̀nà jíjìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé: ọta wo lẹ fẹ́?

Nọ́ńbà ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́. Nínú 7x57, 7 dúró fún fífẹ̀ ọta náà ní mìlímítà, 57 sì ni gígùn ìkarahun idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n yìí ló máa sọ bí ọta ṣe máa jìn tó, bó ṣe máa wúwo tó, àti bí ìdí ìbọn ṣe máa gbá èjìká ẹni tó yìn ín.

Ibi tí èèyàn ti fẹ́ lò ó tún ṣe pàtàkì. Nínú igbó kìjikìji gúúsù Cameroon, ọ̀gbàrá ewé kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà, 50 mítà ti pọ̀ níbẹ̀. Ní pápá ọ̀dàn àríwá, níbi tí àwọn ọlọ́dẹ òkèèrè ti ń wá ẹranko ńlá tí wọ́n ń pè ní Derby eland, ẹran lè wà ní 200 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọta tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré ló dára fún ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ ká fi 7mm Remington Magnum, tó jáde ní 1962, ṣe àpẹẹrẹ: bí wọ́n bá ṣètò ojú ìbọn rẹ̀ fún nǹkan bí 200 mítà, ọta náà máa fi bíi ìdajì mítà wálẹ̀ kó tó dé 400 mítà. Ọta tó sanra, tó sì wúwo, máa wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ nígbà tí ẹfọ̀n bá kọjú sí wọn.

Ọta tí wọ́n ṣe nítorí Áfíríkà

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, ọdún 1884, àwọn ọba Duala, lára wọn King Bell àti King Akwa, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Báyìí ni Cameroon ṣe bọ́ sábẹ́ Jámánì.

Ní 1905, Otto Bock, oníṣẹ́ ìbọn kan ní Berlin, ṣe ọta 9.3x62. Àwọn ará Jámánì tó ń gbé tàbí tó ń ṣọdẹ ní Áfíríkà ló ní lọ́kàn. Ọta náà wọ inú ìbọn Mauser 98, irú èyí tí àwọn ológun ń lò, owó rẹ̀ kò sì tó ti ìbọn ẹlẹ́nu méjì àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Láàárín àkókò kan náà, W.D.M. Bell, ọmọ Scotland (kì í ṣe mọ̀lẹ́bí King Bell ti Douala o), ń pa erin ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ó pa ju 1,000 lọ, ọta kékeré 7x57 ló sì fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí ọta wọlé ju bó ṣe tóbi lọ. Àwọn ọlọ́dẹ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jiyàn yẹn làǹfààní láti yàn wà fún. Àwọn tó ni igbó kò sí nínú ìjíròrò náà.

Òfin Brussels

Ní ọjọ́ kejì, oṣù Keje, ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí òfin kan ní Brussels. Wọ́n ní òwò ẹrú làwọn fẹ́ fi pa rẹ́. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sí ìbọn onílà tàbí ìbọn ìgbàlódé fún títà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Douala àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín ibẹ̀.

Ìlà inú ìbọn yìí ló ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó, tó fi máa ń lọ tààrà. Ìbọn tí kò ní in, tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí, ni òfin náà gbà kí wọ́n máa tà fún àwọn ọmọ ilẹ̀. Ìyẹn ni ṣakabùlà.

Àwọn Yorùbá sì ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kí òfin yẹn tó dé. Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tó sì parí pátápátá ní 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni Snider àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 14.

Ìbàdàn, tí ṣakabùlà pọ̀ lọ́wọ́ wọn, rí i pé ọta ọ̀tá ń dé ọ̀dọ̀ wọn láti ibi tí tiwọn kò lè dé. Ìgbà tó yá làwọn náà ń wá tiwọn.

Òfin tó ń ka mìlímítà

Ìbẹ̀rù kí ìbọn má bọ́ sọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀ kò mọ ní Áfíríkà nìkan. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ọta .450 ní India àti Sudan. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn oníṣẹ́ ìbọn London fi díẹ̀ kún un, wọ́n gbé .470 jáde. Òfin kò rí nǹkan kan bá a wí.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó ka ìbọn ológun tó jẹ́ 7.62mm, 9mm àti .300 mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Ìbọn ọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí wà ní ìpele kejì, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà wà ní ìpele kẹta.

Nítorí náà, nínú òfin, ọdẹ kan ní Ọ̀yọ́ lè béèrè àṣẹ fún 7x57 tí Bell lò. Ní ti owó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, alágbẹ̀dẹ abúlé ló sì ṣe ìbọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Àwọn tí kò béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò ní irú ìdíwọ́ yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, àwọn apẹran lọ́nà àìtọ́ gun ẹṣin wọ ọgbà ẹranko Bouba Ndjida ní àríwá Cameroon, wọ́n pa ju 200 erin lọ kí ìjọba tó kó ológun lọ síbẹ̀. Irú ìbọn tí wọ́n gbé dání ni Kalashnikov, tí ọta rẹ̀ jẹ́ 7.62.

Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń bá pàdé nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kínní, ọdún 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tó wọṣẹ́ náà. Ní 2022, Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ gómìnà Ondo nígbà náà, kéde pé ìpínlẹ̀ òun máa ra ohun ìjà fún wọn.

Lábẹ́ òfin 1959, 7.62 tí àwọn ajínigbé ń gbé kiri ṣì jẹ́ èèwọ̀ fún ọdẹ tó ń lé wọn.