Mastodon
Mastodon jẹ́ ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tí Eugen Rochko gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 2016. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó dá a ni: ẹni tó bá ní sẹ́fà lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀, kó máa bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ActivityPub, ìlànà tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ní oṣù Kínní 2018.

Ní Sèmè-Kpodji ní Bẹ̀nẹ̀, láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, ẹni tó fẹ́ dán Mastodon wò kò ní fẹ́ gbé sẹ́fà sílé: iná lè lọ, ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká sì sábà máa ń fi àdírẹ́ẹ̀sì IP kan ṣoṣo bo ọ̀pọ̀ oníbàárà mọ́lẹ̀, tí ará ìta kò fi ní rí sẹ́fà náà kàn sí. Yíyá sẹ́fà ló rọrùn jù. Àwòrán tó ń ti sẹ́fà ẹlòmíràn wọlé ló ń kún ibi ìpamọ́ kíákíá. Àṣẹ «tootctl media remove» ni wọ́n fi ń gbá a dànù. Bí èèyàn bá kó lọ sí sẹ́fà mìíràn, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lè bá a lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ti kọ kò ní bá a lọ.