PA tàbí NP: Èwo Ló Yẹ Ọmọ Wa Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Ìlera ní Amẹ́ríkà?

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe dókítà nìkan ló ń yẹ aláìsàn wò tó sì ń kọ oògùn fún un. Physician assistant, tí wọ́n ń pè ní PA, àti nurse practitioner, tí wọ́n ń pè ní NP, náà ń ṣe é. Nítorí pé iṣẹ́ wọn jọra, ọ̀pọ̀ òbí àti ọ̀dọ́ nínú àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀nà gbà lè pàdánù ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ńlá.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá

Ọdún 1965 ni iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí dókítà kò tó. Ní Yunifásítì Duke, Dókítà Eugene Stead kó ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ti tọ́jú aláìsàn nínú iṣẹ́ ológun ojú omi jọ, ó sì fi ìmọ̀ ìṣègùn kọ́ wọn. Ní Yunifásítì Colorado, nọ́ọ̀sì Loretta Ford àti Dókítà Henry Silver kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa tọ́jú ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dòní: bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà ni wọ́n ń kọ́ PA, ṣùgbọ́n NP gbọ́dọ̀ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì ná.

Ẹ̀kọ́ wọn

Ẹni tó fẹ́ di PA gbọ́dọ̀ ní dígírì àkọ́kọ́, kó sì ti ka bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tún ń béèrè pé kó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú aláìsàn. Ẹ̀kọ́ náà máa ń gbà tó oṣù 27, kó tó kan ìdánwò PANCE.

Ẹni tó fẹ́ di NP yóò kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò NCLEX-RN kó lè di nọ́ọ̀sì, yóò sì wá gba dígírì kejì tàbí ti dókítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà ẹ̀kọ́ yìí ni yóò yan àwọn tí yóò máa tọ́jú: ìdílé lápapọ̀, ọmọdé, àgbàlagbà, obìnrin, tàbí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló ń kà á láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ PA kì í sábà fún èèyàn láyè bẹ́ẹ̀.

Òmìnira àti owó

PA lè kúrò ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ lọ sí ti pàjáwìrì láìpadà sílé ẹ̀kọ́. NP tó ń tọ́jú ọmọdé, tó wá fẹ́ máa tọ́jú àìsàn ọpọlọ, yóò padà lọ kàwé. Ṣùgbọ́n nínú ìpínlẹ̀ tó ju ìdajì lọ, NP lè dá ilé ìtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí PA sábà máa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dókítà. Òfin yàtọ̀ síra: ní Arizona, NP lè dá dúró, ní Texas, ó gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà kó tó lè kọ oògùn.

Ní ti owó, ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fún oṣù Karùn-ún ọdún 2023 fi hàn pé ìdajì àwọn PA ń gbà ju dọ́là 130,020 lọ́dún, ìdajì àwọn NP sì ń gbà ju dọ́là 126,260. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ yan iṣẹ́.

Èwo ni kí ẹ yàn?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nọ́ọ̀sì tó kàwé jáde ní Nàìjíríà, tó sì ti yege nínú NCLEX-RN, ti sún mọ́ NP. Ọ̀nà PA lè mú kó fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé sílẹ̀. Ọmọ tó ní dígírì nínú bàọ́lọ́jì, tí kò tíì ṣe nọ́ọ̀sì rí, ti sún mọ́ PA. Dókítà tó kàwé jáde ní Nàìjíríà náà gbọ́dọ̀ ka ẹ̀kọ́ PA tán kó tó di PA; kò sí ọ̀nà àbùjá.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìfọwọ́sí. Ẹni tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ tí ARC-PA kò fọwọ́ sí kò ní lè jókòó fún PANCE. Fún ẹ̀kọ́ NP, ẹ béèrè ìfọwọ́sí CCNE tàbí ACEN. Ẹ sì ka òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé, nítorí òun ni yóò sọ ohun tí ìwé ẹ̀rí yín lè ṣe.