Apínbọ́ọ̀lù Abẹ́ Òrùlé

Ní Douala, ní Cameroon, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bọ́ọ̀lù, ti Samuel Eto'o ló ń sọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ti Pascal Siakam ni, ọmọ tí wọ́n bí sílùú náà lọ́dún 1994, tó gba ife-ẹ̀yẹ NBA pẹ̀lú Toronto ní 2019. Aláfẹsẹ̀gbá àti alájùsáwọ̀n: Yorùbá ti rí orúkọ sọ méjèèjì. Ẹ̀kẹta ló le, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n sì ń pè ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀.

Faransé tí Douala ń sọ gan-an ò fẹnu kò lórí ọ̀gá eré náà. Ní Paris, quarterback ni wọ́n ń pè é. Ní Quebec, quart-arrière. Bí a bá ṣe bíi ti Quebec, "ìdámẹ́rin-ẹ̀yìn" ni yóò jáde, bí ẹran tí alápatà gé. Ibi tí ọkùnrin náà ń dúró sí ni orúkọ yẹn ń sọ, kò kan iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ni adilémú ń sọ, iṣẹ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń sọ.

Ní gbogbo ìgbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́, kíá ló sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò fún. Apínbọ́ọ̀lù ni témi. Balógun ì bá dùn létí, àmọ́ Leon Balogun àti Folarin Balogun ti gba ìyẹn lórí pápá.

Bọ́ọ̀lù yìí ní irú kan tó jẹ́ ti abẹ́ òrùlé; lọ́dún 1981 ni Jim Foster ronú kàn án. Ní 1987 ni líìgì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pápá rẹ̀ jẹ́ 50 yáàdì (ẹni tó bá ti ra àǹkárá rí kò nílò ìtumọ̀ yáàdì), ènìyàn 8 ló ń gbá a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dípò 11. Ògiri onítìmùtìmù yí i ká, àwọ̀n adápadà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó: bọ́ọ̀lù tó bà á tó ta padà ṣì wà láàyè. Ìfikùnlukùn ni ìpàdé ráńpẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé apínbọ́ọ̀lù lulẹ̀ kó tó jù ú, wọ́n dá a nìyẹn. Ìjàkadì ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi Kurt Warner dán an wò. Ẹgbẹ́ Green Bay lé e kúrò ní 1994, ó wá ń to ọjà sórí pẹpẹ lóru ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Cedar Falls. Láti 1995 dé 1997, òun ni apínbọ́ọ̀lù Iowa Barnstormers, ẹgbẹ́ abẹ́ òrùlé. Níbi tí ògiri ti súnmọ́ni báyẹn, ẹni tó bá ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọn á dá a. Ní oṣù kìíní ọdún 2000 ó gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ ńlá ti orí pápá gbangba, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Rams, bọ́ọ̀lù tó pín lọ́jọ́ náà sì fún wọn ní 414 yáàdì.

Roman Oben, ọmọ Yaoundé ní Cameroon kan náà, gba Super Bowl tirẹ̀ pẹ̀lú Tampa Bay ní 2003. Apá òsì ló ń ṣọ́, níbi tí apínbọ́ọ̀lù tó ń fọwọ́ ọ̀tún jù kì í ti í rí ọ̀tá. Gẹ́ẹ́sì fi ibi tó ń dúró sí pè é lórúkọ, ṣùgbọ́n níbí mo gbà fún wọn, nítorí oyè ọ̀tún àti òsì ti wà lójú ogun wa kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ẹ̀ṣọ́ òsì ni Oben.