Bísíkíìtì Ọdún Tí Màmá Lè Jẹ

Ní ilé wa ní Ṣómólú, ọjọ́ 22 oṣù Dìsẹ́ńbà ni bísíkíìtì ọdún máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ 24 o, torí pé lọ́jọ́ yẹn, adìẹ àti ata ti gba gbogbo ilé ìdáná. Àwa ọmọ mẹ́rin máa ń jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ń po ìyẹ̀fun, ẹnì kan ń fi ìgò mínírà tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹnì kan ń fi ẹnu agolo mílíìkì gé e ní róbótó, àbúrò wa tó kéré jù á wá fi òòyà tuntun tẹ ilà sí i lára. A ò ní ẹ̀rọ tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń yan nǹkan. Ìkòkò irin ńlá la máa ń gbé ka sítóòfù kẹrosíìnì, a ó da yanrìn sínú rẹ̀, a ó gbé páànù kékeré lé yanrìn lórí, a ó sì dé e pa. Èyí tá a bá kọ́kọ́ yan máa ń jó. Ìyẹn ni tiwa, àwa ọmọ.

Bàbá wa ń gé bébà nílé ìtẹ̀wé kan ládùúgbò Bájùláyé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í dákẹ́ bí ọdún bá ń parí lọ, nítorí kàlẹ́ńdà àti káàdì. Àjákù bébà aláràbarà tí wọ́n bá gé kúrò lára káàdì ni wọ́n máa ń kó wálé fún wa, òun la fi ń tẹ́ inú àwo. Àwo àkọ́kọ́ jẹ́ ti Àlájà onílé nísàlẹ̀. Nígbà Iléyá, ẹran wọn ló máa ń kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà Kérésìmesì, bísíkíìtì wa ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Àwo kì í padà lófo.

Ní 2017, dókítà kan ní ọsibítù ìjọba sọ fún Màmá pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: títọ̀ ni, gbígbẹ sì ni. Àwọn àgbà tó sọ àìsàn náà lórúkọ ti rí ẹni tó ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ara rẹ̀ sì ń rù lọ, kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Wọ́n tún kíyè sí i pé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí. Lọ́dún yẹn, Màmá po bísíkíìtì, wọ́n yan án, wọ́n pín in, wọn ò fi ọ̀kan kan ẹnu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn ò pò ó mọ́. A béèrè, wọ́n ní, "Ṣé kí n máa gbóòórùn ohun tí mi ò lè jẹ ni?" Àwo tí à bá gbé fún Àlájà ò sọ̀kalẹ̀ lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ gbogbo ilé ló mọ̀.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa léèrè pé ta ló tiẹ̀ fi ṣúgà ṣe olórí ọdún.

Kì í ṣe àwọn baba wa. Oyin àti ìrèké ni wọ́n mọ̀, wọn kì í sì í fi wọ́n ṣòfò. Ibi ìsọmọlórúkọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ tọ́ méjèèjì wò. Ẹ wá wo àádùn. Àgbàdo yíyan ni, tí wọ́n lọ̀ kúná, tí wọ́n fi epo pupa, iyọ̀ àti ata pò, tí wọ́n sì fi ewé pọ́n. Lóde òní, àwọn kan ń fi ṣúgà tàbí oyin sí i, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ṣúgà bá wọ̀ ọ́ kó tó jẹ́ àádùn. Dídùn ti wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ àti epo ló mú un dùn. Lẹ́nu wa, ọbẹ̀ ń dùn, ìlù ń dùn, ọ̀rọ̀ ń dùn. Èdè wa kò fi dídùn mọ sọ́dọ̀ ṣúgà. Àwa la wá fi í mọ síbẹ̀ nígbà tó yá.

Ọ̀nà tó gbà yá ni a fẹ́ sọ. Kérésìmesì fúnra rẹ̀ kò tíì pé igba ọdún láàárín wa: Àgbádárìgì, ní 1842, ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti ṣe é. Láyé ìgbà yẹn ni àwọn Sàró ń ti Sierra Leone dé, tí àwọn Àgùdà ń ti Brazil àti Cuba dé, tí àwọn wọ̀nyí sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Àwọn Àgùdà ló kó fẹ̀jọ̀n wá, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n sì ń fi ṣúgà sí, oúnjẹ Jímọ̀ Àgbélébùú. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn tí wọ́n kó àwọn òbí wọn lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké ló gbé adùn ṣúgà padà wálé, tí wọ́n gbé e sínú oúnjẹ ọdún. A kì í lè jẹ fẹ̀jọ̀n láìronú kan ìyẹn mọ́.

Búrẹ́dì ní tirẹ̀ gba ọwọ́ ará Jàmáíkà. Amos Shackleford wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, ó ti ń yan búrẹ́dì tà ní Èbúté-Mẹ́ta, títí tí wọ́n fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Láti ibẹ̀ sí Ṣómólú kò jìnnà. Àmọ́ nígbà yẹn, Ṣómólú àti Bàrígà ò tíì sí nínú Èkó lójú ìjọba. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tí owó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Yábàá kò bá ká ló máa ń wá síbí wá yá yàrá kan. Ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School kó wá sí Bàrígà ní 1959, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, a sì di àdúgbò tó kún fún akọ̀wé, atẹ̀wé, tíṣà àti oníṣòwò. Ọdún 1962 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wíìtì ní Àpápá. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ Bacita ní etí Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà. Ìyẹ̀fun wà, ṣúgà wà, owó oṣù wà. Yàrá kan tí kò ní ju sítóòfù kan lọ lè yan bísíkíìtì fún gbogbo ojúlé. Ṣúgà onígun mẹ́rin nínú páálí wá di ohun tí wọ́n ń kó síwájú àlejò.

Àwọn tó dàgbà lójú 1984 kò ní gbàgbé pé wọ́n tò sórí ìlà nítorí ṣúgà àti mílíìkì, tí wọ́n ń pè é ní ọjà kòṣeémánìí. Kòṣeémánìí kẹ̀! Nígbà tó di 1987, ìjọba fòfin de wíìtì láti òkè òkun, ó sì tó 1992 kí wọ́n tó tú u. Màmá rántí ìgbà yẹn. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ ni àwọn oníbúrẹ́dì ń dà pọ̀, bísíkíìtì ọdún sì ń rún lọ́wọ́ bí iyanrìn. A fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́, ó sì padà wúlò.

Bí ẹ bá ní ká wá ohun tó dùn tí kì í ṣe ṣúgà, igbó wa gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ yà sí. Ní 1725, ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, rí i ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé àwọn èèyàn ń jẹ èso pupa kékeré kan kí wọ́n tó jẹ ohun kíkan, kíkan náà á sì di dídùn. Àgbáyun ni. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1852. Ní 1855, ó tún kọ lórí èso ewé eéran, ewé tá a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Orúkọ ọkùnrin náà ló wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ewé yẹn títí dòní. Ohun tó ń mú èso ewé eéran dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 ó kéré tán, bá a bá wọn wọ́n dọ́gba. Nígbà tó yá, Tate & Lyle, ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í rà á láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń tà á ní orúkọ míì. Àwa ń ra ṣúgà lọ́wọ́ òyìnbó, òyìnbó ń ra ohun tó dùn ju ṣúgà lọ́wọ́ wa. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tá a kà á, àmọ́ ẹ̀rín náà korò.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni iná. Àgbáyun fúnra rẹ̀ kò dùn. Ahọ́n ló ń tàn jẹ, bí iná bá sì kàn án, agbára rẹ̀ tán. Ti ewé eéran náà kì í fara da iná gígùn nínú ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá pò wọ́n mọ́ bísíkíìtì ti fi iṣẹ́ ṣòfò.

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi dán nǹkan wò. Ní àkọ́kọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù àti dàbínù tí a rẹ la fi pò ó. Ó dùn débi pé Màmá jẹ méje. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ka 263. Nọ́ọ̀sì tá a lọ bá ò pariwo mọ́ wa, ó kàn béèrè pé, "Dàbínù, ṣé ẹ rò pé iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀ ni?" Oyin náà, ó ní, kò yàtọ̀. A wá mọ̀ pé "láìsí ṣúgà" tá à ń sọ, ṣúgà tó wà nínú páálí nìkan là ń sọ.

Lẹ́yìn náà la ra èyí tí wọ́n ń tà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn alátọ̀gbẹ, èyí tó ní sákárìn nínú. Constantin Fahlberg ló ṣàdédé bá sákárìn pàdé ní Amẹ́ríkà ní 1879, ìgbà tí ṣúgà wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló sì tàn ká. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń korò sẹ́yìn ahọ́n, àwa náà sì bù ú jù. Màmá bu ọ̀kan jẹ, wọ́n wo ojú wa, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé bísíkíìtì nìyí àbí páálí?"

Àádùn ló yọ wá, pẹ̀lú ìrántí 1987. Ní ọdún kẹta, a fi dérìkà kan ìyẹ̀fun wíìtì, ìdajì dérìkà àgbàdo yíyan tó kúná, àti ìdajì ẹ̀pà lílọ̀ pò ó. A fi bọ́tà, ẹyin méjì, àgbọn rírin, ata ilẹ̀, ata gbígbẹ díẹ̀ àti iyọ̀ sí i. Àgbàdo ń mú un rún lẹ́nu, ẹ̀pà ń jẹ́ kó di ara wọn mú. Ẹ má tàn yín o: wíìtì àti àgbàdo náà ń di ṣúgà nínú ara, ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń jẹ méjì péré, lẹ́yìn oúnjẹ tí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ ló kù. Ohun funfun tí wọ́n ń fi ya òdòdó sórí kéèkì, ṣúgà lílọ̀ ni látòkè délẹ̀, ìyẹn ò sì lè wọlé wa mọ́. Yànmọ̀tí la wọ́n sórí àwọn kan, àgbọn tá a rẹ sínú omi ìsápá pupa títí tó fi pọ́n la fi sórí àwọn mìíràn. Òòyà àbúrò wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń tẹ ilà, ó ń tẹ àmì tó rí bí ti àdìrẹ, ó ń fi ìdérí ìgò ya ìràwọ̀ onígun púpọ̀ tí kò jọ ìràwọ̀. Bàbá, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, lọ tọrọ àjákù bébà lọ́dọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ wọn àtijọ́.

Ní ti àgbáyun, a rí ọgbọ́n dá sí i. Ìbátan wa kan fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú. Kó tó di pé a gbé bísíkíìtì síta, oníkálukú fi ẹyọ kan sẹ́nu, ó fi ahọ́n yí i ká títí ẹran ara èso náà fi tán, ó tu kóró rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà la gbé ìsápá tí a kò fi nǹkan kan sí àti ọsàn wẹ́wẹ́ tá a gé sí méjì kalẹ̀. Màmá fún ọsàn sórí bísíkíìtì, wọ́n bu ú jẹ, wọ́n dúró. Wọ́n tún bu ú jẹ. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n yẹ ọsàn náà wò bí ẹni ń wá ibi tí a fi ṣúgà pamọ́ sí.

Àwo ti Àlájà sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ó ti tó ọdún márùn-ún tí àwọn náà ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń gba bísíkíìtì wa lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń dúpẹ́, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Àwo padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àádùn mẹ́fà nínú ewé.

Ẹ̀rọ Màmá ka 138 lálẹ́ ọjọ́ náà. A béèrè bí bísíkíìtì ṣe rí lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ata rẹ̀ ò tó.