Àárẹ̀ Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Ilé Ìwòsàn

 

Bí ẹnìkan bá wí fún wa ní ilẹ̀ Yorùbá pé ó rẹ bàbá òun díẹ̀, a kì í bèèrè irú iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe tí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìlera rẹ̀ ni à ń bèèrè. Ọ̀rọ̀ kan náà, àárẹ̀, ni a fi ń pe ohun tí ń ṣe ẹni tí ó ti oko dé àti ohun tí ń ṣe ẹni tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn, fatigue, sọ àìsàn kan lórúkọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ kò ju pé ó rẹ àwọn kan, kí wọ́n lọ sùn. Chronic fatigue syndrome ni àìsàn náà. Orúkọ tí ó ti wà ṣáájú èyí, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn sì yàn láàyò, ni myalgic encephalomyelitis, tí a gé kúrú sí ME. Ìtàn bí a ṣe gba àwọn aláìsàn wọ̀nyí gbọ́, tí a sì tún yí padà tí a kò gbà wọ́n gbọ́ mọ́, ni mo mú wá lónìí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn tí à ń pè ní Royal Free. Ilé yìí ni ó gba àwọn obìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà sínú wọ́ọ̀dù rẹ̀ láti ọdún 1877, nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá yòókù ní ìlú náà ṣì ń tì wọ́n síta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé yóò wúlò fún wa níwájú.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1955, dókítà kan àti àgbà nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti dùbúlẹ̀ ju 70 lọ. Ọ̀fun ń dùn wọ́n, orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, ọrùn wọn le, iṣan apá àti ẹsẹ̀ ń ro wọ́n gidigidi, agbára sì tán nínú wọn. Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa. Ó di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó tún un ṣí. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, 292 òṣìṣẹ́ ni àìsàn náà ti mú, 255 nínú wọn ni a sì dá dúró ní ilé ìwòsàn. Ní ti àwọn aláìsàn tí a ti bá lórí ibùsùn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn 12 péré ni ó mú. A wá kòkòrò àrùn tí ó fà á títí, a kò rí i.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣe àkọ́kọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Los Angeles ní 1934, níbi tí a ti rò pé ẹ̀yà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kan ni. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú Akureyri ní orílẹ̀-èdè Iceland ní 1948. Ní 1956 ni ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí à ń pè ní The Lancet gbé orúkọ myalgic encephalomyelitis jáde, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣáájú rẹ̀ tí ó túmọ̀ sí pé kì í pani. Lóòótọ́, kò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò gbádùn mọ́ láti ìgbà náà lọ.

Dókítà Melvin Ramsay, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní Royal Free jẹ́ títọ́jú àwọn àrùn tí ń ràn, kò fi irú àwọn aláìsàn yìí sílẹ̀. Ó ń ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó rí ni pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ tí kò tó nǹkan, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí agbára tó padà sínú iṣan rẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí àárẹ̀ oko. Oorun òru kan kò lè wẹ̀ ẹ́ nù.

Ìgbà tí ó di ọdún 1970, dókítà àrùn ọpọlọ méjì, McEvedy àti Beard, gbé ìwé jáde nínú British Medical Journal pé hysteria ni gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Royal Free, ìyẹn ni ìpayà ọkàn tí ẹnìkan kó ran ẹnìkejì. Ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀rí wọn ni pé obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó mú. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ń lò fún ilé-ọmọ ni a ti yọ orúkọ hysteria. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ó ṣe rí: ilé tí ó ṣílẹ̀kùn fún obìnrin láti di dókítà, òun náà ni a wá fi iye obìnrin inú rẹ̀ dá lẹ́bi.

Kí á má ṣe yí òtítọ́ po, ìbéèrè wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. A kò rí kòkòrò kankan, iye àwọn aláìsàn tí ó mú lórí ibùsùn sì kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ́ni ní ìtàn mọ àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ni àwọn méjèèjì kà. Ọdún 15 péré ni ó ti kọjá. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, àwọn ènìyàn tí ó mọ ohun tí àìsàn jẹ́ nípa iṣẹ́ wọn. Wọn kò pè wọ́n kí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò. Ta ni nínú wa tí yóò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Síbẹ̀, ìdájọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà gbé lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Láàárín ọdún 1984 sí 1985, àìsàn bẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Incline Village, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, níbi tí dókítà Paul Cheney àti Daniel Peterson ti kígbe síta. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fún un ní orúkọ chronic fatigue syndrome ní 1988. Ní ojú tèmi, orúkọ yẹn ṣe ìpalára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọdún 1970.

Ìwádìí kan tí à ń pè ní PACE, tí ó jáde ní 2011, sọ pé bí a bá ń fi eré ìdárayá kún eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀ fún àwọn aláìsàn, tí a sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti yí èrò wọn padà, ara wọn yóò mókun sí i. Ènìyàn 641 ni wọ́n lò. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ka ìwé náà lórí ibùsùn wọn, wọ́n sì rí ohun ìyanu nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba 65 nínú 100 lórí ìwọ̀n agbára ara ni a kà sí aláìsàn tó láti wọ inú ìwádìí náà. Nígbà tí ó parí, 60 ti tó láti ka ènìyàn kún àwọn tí agbára wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Èyí ni pé ènìyàn lè rẹ̀yìn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti bọ́ sípò! Aláìsàn kan ní Ọsirélíà bèèrè fún àkọsílẹ̀ ìwádìí náà. Ọ̀rọ̀ di ti ìgbìmọ̀ onídàájọ́, wọ́n sì pàṣẹ ní 2016 pé kí a tú u síta. Nígbà tí a tún un ṣírò bí àwọn olùwádìí ti kọ́kọ́ pinnu láti ṣe é, èrè tí wọ́n ròyìn dín kù púpọ̀. Ní 2021, àjọ NICE tí ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ ìtọ́jú eléré ìdárayá yẹn kúrò.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àìsàn òyìnbó ni, Mary Gloria Njoku àti Leonard Jason pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007 tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà ní Nàìjíríà. Wọ́n bá a níbẹ̀ ní ìwọ̀n 0.68 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èyí tí ó dé kẹ́yìn ni DecodeME, tí Yunifásítì Edinburgh jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó darí rẹ̀. Wọn kò ní kí aláìsàn kankan rìn wá sí ọ̀dọ̀ wọn. Itọ́ ni àwọn aláìsàn tu sínú ìgò kékeré nínú ilé wọn, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní 2025, àwọn olùwádìí kéde pé nínú ohun àjogúnbá ara ènìyàn 15,579 tí ó ní àìsàn yìí, àwọn rí ibi mẹ́jọ tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò ní in. Díẹ̀ nínú wọn jẹ mọ́ bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, àwọn mìíràn jẹ mọ́ iṣan ìmọ̀lára. Ọdún 70 gééré ni èyí fi jìnnà sí ọjọ́ tí dókítà àti àgbà nọ́ọ̀sì méjì yẹn dùbúlẹ̀ ní Royal Free.